Yíyí Celsius, Fahrenheit àti kelvin padà síra wọn: àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù

Bópẹ́ bóyá, ọ̀rọ̀ yìí á kan olúkúlùkù. Ẹ ṣí ìwé ìlànà tó bá ẹ̀rọ kan wá, Fahrenheit ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, Celsius ló ń sọ. Ọmọ gbé iṣẹ́ físíìsì wálé, kelvin ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló há fọ́múlà sórí fún ìdánwò, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní yàrá ìdánwò. Lójú tèmi, fọ́múlà kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Ohun méjì péré ló ya àwọn òṣùwọ̀n yìí sọ́tọ̀: ibi tí wọ́n gbé òdo sí, àti bí ìgbésẹ̀ kan ṣe tóbi tó. Ẹni tó bá di méjèèjì mú á lè fúnra rẹ̀ tún fọ́múlà náà tò nígbàkigbà.

Kí ló ya òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi omi wò ó. Ní ìpele òkun, omi mímọ́ máa ń di yìnyín ní 0°C. Ìyẹn ni 32°F, òun náà sì ni 273.15 K. Ó máa ń hó ní 100°C, tó jẹ́ 212°F tàbí 373.15 K.

Àlàfo tó wà láàárín dídì àti híhó ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Celsius pín in sí ìgbésẹ̀ 100. Fahrenheit pín àlàfo kan náà sí 180, nítorí bí ẹ bá yọ 32 kúrò nínú 212, 180 ló kù. Kelvin pín in sí 100, bíi ti Celsius gẹ́lẹ́.

Ó dà bí ìgbà tí àwọn mẹ́ta bá ń ka àtẹ̀gùn ilé kan náà. Ẹni kìíní bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ẹnu ọ̀nà. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú, ìyẹn ló jẹ́ kí iye tirẹ̀ pọ̀. Ìkẹta lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí àtẹ̀gùn kò tún sí mọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó ti ẹni kìíní. Ibì kan náà ni wọ́n jọ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tí kálukú wọn máa pè yàtọ̀.

Ibẹ̀ ni 1.8 ti wá: 180 tí a fi 100 pín. Àwọn ìwé kan máa ń kọ ọ́ ní 9/5, ọ̀kan náà ni. Àti 32? Òun ni ibi tí Fahrenheit ti kà dé kí omi tó dì, níbi tí Celsius ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe òdo.

Báwo ni mo ṣe máa yí Celsius sí Fahrenheit?

Ẹ sọ nọ́ńbà Celsius di ìlọ́po 1.8, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi 32 kún un.

25°C: 25 lọ́nà 1.8 jẹ́ 45. Ẹ fi 32 kún un, ó di 77°F.

Bó bá wà lábẹ́ òdo ńkọ́? Ìlànà kan náà ni, ẹ kàn má jẹ́ kí àmì ìyọkúrò bọ́ lọ́wọ́ yín. −10 lọ́nà 1.8 jẹ́ −18. Ẹ fi 32 kún −18, ó di 14°F. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo nínú Celsius ti wà lókè òdo nínú Fahrenheit. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Àti Fahrenheit sí Celsius?

Ẹ yọ 32 kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tó bá kù, ẹ fi 1.8 pín in.

100°F: ẹ yọ 32, ó ku 68. Ẹ fi 1.8 pín 68, ó jẹ́ 37.8°C.

Èwo ló ṣáájú ṣe pàtàkì gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pín: 100 tí a fi 1.8 pín jẹ́ 55.6. Ẹ wá yọ 32, ó ku 23.6. Ara tó ń gbóná gírígírí ti di atẹ́gùn tútù lórí ìwé. Ìdí rẹ̀ ni pé 32 yẹn, ìgbésẹ̀ Fahrenheit ni. A gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nígbà tí nọ́ńbà ṣì wà nínú Fahrenheit, kó tó di ti Celsius. Bákan náà, tí a bá ń lọ láti Celsius sí Fahrenheit, a ní láti kọ́kọ́ sọ ìgbésẹ̀ di ti Fahrenheit ká tó fi 32 kún un. Ẹni tí èyí bá yé kò ní ṣì í mọ́.

Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí mo fi lè ṣe é lórí, láìlo ẹ̀rọ ìṣirò?

Ó wà, ó sì péye. Ẹ sọ nọ́ńbà Celsius di ìlọ́po méjì, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá fi 32 kún un. 30°C: ìlọ́po méjì jẹ́ 60; ìdá kan nínú mẹ́wàá 60 jẹ́ 6; ó ku 54; pẹ̀lú 32, ó di 86°F. Kì í ṣe àfojúbù o, bó ṣe rí gan-an nìyẹn, nítorí ìlọ́po méjì tí a yọ ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kúrò kò yàtọ̀ sí ìlọ́po 1.8.

Àwọn kan máa ń kàn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n á sì fi 30 kún un. Bó bá jẹ́ ti ojú ọjọ́, kò burú. 10°C á fún yín ní 50°F, tó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. 25°C á fún yín ní 80 dípò 77. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni yóò máa ṣìnà sí i: 200°C á di 430, nígbà tó jẹ́ pé 392°F ni. Ẹ má lò ó fún ẹ̀rọ tó ń gbóná gan-an, ẹ má sì lò ó fún ìgbóná ara láé.

Mo máa ń gba èèyàn níyànjú pé kí wọ́n mọ ibi mélòó kan sórí, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ìṣirò bá ti ṣìnà: 0°C jẹ́ 32°F, 10 jẹ́ 50, 20 jẹ́ 68, 30 jẹ́ 86, 40 jẹ́ 104. Gbogbo ìgbésẹ̀ mẹ́wàá Celsius jẹ́ méjìdínlógún nínú Fahrenheit.

Kelvin ńkọ́?

Òun ló rọrùn jù. Ẹ fi 273.15 kún Celsius, ó parí. 20°C jẹ́ 293.15 K. Tẹ́ ẹ bá ń padà, ẹ yọ 273.15. Láti Fahrenheit, ẹ lè kọ́kọ́ sọ ọ́ di Celsius, tàbí kẹ́ ẹ fi 459.67 kún Fahrenheit náà, kẹ́ ẹ wá fi 1.8 pín àpapọ̀ wọn.

A kì í kọ àmì dígírì fún kelvin, a kì í sì í pè é ní “dígírì kelvin”. Àpérò àgbáyé lórí òṣùwọ̀n ló yọ dígírì kúrò nínú orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1967. Torí náà, 300 K la máa ń kọ.

Ṣé mo lè lo 273 dípò 273.15?

Ó sinmi lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí tẹmómítà yín kò bá fi nǹkan kan hàn lẹ́yìn póìntì, 273 tó. Bí ó bá ń fi ìdá mẹ́wàá dígírì hàn, ẹ lo 273.15. Nọ́ńbà kẹta kan wà tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, ìyẹn 273.16. Ìyẹn ni ibi tí yìnyín, omi àti oru omi ti lè jọ wà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jẹ́ 0.01°C. Láti 1954 ni wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ kelvin, títí di ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2019 tí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ náà karí nọ́ńbà Boltzmann tí kì í yí padà (òun ló so ìgbóná pọ̀ mọ́ agbára), ìyẹn 1.380649 × 10⁻²³ júùlù (òṣùwọ̀n agbára) fún kelvin kan. Ìyípadà yẹn kò kan ìṣirò tiwa: 273.15 la ṣì ń fi kún Celsius.

Kí nìdí táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń lo kelvin nígbà tí Celsius wà?

Nítorí òdo ni. Òdo Celsius, omi ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe pé ooru ti tán. Nǹkan tó wà ní 0°C ṣì ní ooru púpọ̀ nínú. Òdo kelvin ni ìsàlẹ̀ pátápátá, −273.15°C, níbi tí kò ti sí ooru kankan mọ́ téèyàn lè fà jáde lára nǹkan. William Thomson, tó padà di Lord Kelvin, ló dá irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lábàá lọ́dún 1848.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín kínníkínní, torí mo gbà pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kelvin ti ń yé èèyàn. Gáàsì wà nínú agolo líle tí a dé pa, ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 27°C. A gbóná rẹ̀ dé 54°C. Ṣé agbára tí gáàsì náà fi ń ti ara agolo ti di ìlọ́po méjì? 54 kúkú jẹ́ ìlọ́po méjì 27. Rárá o. Ẹ sọ méjèèjì di kelvin: 300.15 àti 327.15. Ẹ fi àkọ́kọ́ pín èkejì, 1.09 ló jẹ́. Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún péré ló fi lé. Kí agbára náà tó lè di ìlọ́po méjì, a ní láti gbóná gáàsì náà dé 600.3 K, ìyẹn 327.15°C.

Ìdí nìyẹn tí kò fi tọ̀nà láti sọ pé ọjọ́ tó mú dé 40°C gbóná ní ìlọ́po méjì ọjọ́ tó jẹ́ 20°C. Tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di Fahrenheit, 104 àti 68 ni wọn, ìlọ́po méjì náà ti fò lọ. Bí ìṣirò yín bá ní ìsọdipúpọ̀ tàbí pípín ìwọ̀n ìgbóná fúnra rẹ̀ nínú, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di kelvin.

Wọ́n ní ìgbóná ti lọ sókè ní 2°C. Ṣé ìyẹn jẹ́ 35.6°F?

Rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìdáhùn yìí, nítorí àṣìṣe yìí ti wọ inú ìròyìn rí.

Oríṣi nọ́ńbà méjì ló wà. Ọ̀kan ń sọ ibi tí ìgbóná wà: “2°C ni báyìí.” Èkejì ń sọ bí ó ṣe yí padà tó: “ó ti fi 2°C lọ sókè.” Ti àkọ́kọ́ ni 35.6°F. Ti èkejì jẹ́ 3.6°F péré. Tó bá jẹ́ ìyàtọ̀ la ń wò, ibi tí òdo wà kò já mọ́ nǹkan kan, torí náà 32 kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ nìkan la ń yí padà: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.8, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀.

Ìpinnu tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Paris lọ́dún 2015 dárúkọ 1.5°C gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n tí wọ́n fẹ́ gbìyànjú kí ìgbóná ayé má fi kọjá ti àtijọ́. Nínú Fahrenheit, 2.7 nìyẹn. Ẹni tó bá fi 32 kún un á kọ 34.7, ìtàn náà á sì di ti ayé tó yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a mọ̀. Ní ti kelvin, ìyàtọ̀ 1.5°C jẹ́ 1.5 K gẹ́lẹ́. Ẹ má fi 273.15 kún un.

Ṣé ibì kan wà tí Celsius àti Fahrenheit ti jẹ́ nọ́ńbà kan náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, −40. Ẹ dán an wò: −40 lọ́nà 1.8 jẹ́ −72. Ẹ fi 32 kún un, ó padà di −40. Kò sí ibòmíràn. Fahrenheit àti kelvin náà ń pàdé níbì kan, nítòsí 574.6. Celsius àti kelvin kò lè pàdé láé, nítorí ìgbésẹ̀ wọn bára mu, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ta ló tiẹ̀ mú 32 wá?

Daniel Gabriel Fahrenheit, tí wọ́n bí ní Danzig (Gdańsk ní Poland lónìí) lọ́dún 1686. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ ṣíṣe tẹmómítà oní-mẹ́kúrì. Lọ́dún 1724 ó ṣàlàyé òṣùwọ̀n rẹ̀: òdo ni ibi tí àdàlù yìnyín, omi àti oríṣi iyọ̀ kan máa ń tutù dé, 32 ni ti yìnyín àti omi lásán, 96 ni ti ara èèyàn tí ara rẹ̀ dá. Ẹ wo bí 32 sí 96 ṣe jẹ́ 64. Ẹ lè máa pín 64 sí méjì títí ẹ ó fi kan ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó mú kí fífa ìlà sára gíláàsì rọrùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún òṣùwọ̀n náà ṣe, tí híhó omi fi dúró sí 212, tí ìgbóná ara sì fi kúrò ní 96.

Anders Celsius, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Uppsala ní Sweden, gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1742. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé òun fi 0 sí ibi tí omi ti ń hó, ó sì fi 100 sí ibi tó ti ń dì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. “Centigrade” ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é títí di 1948, tí wọ́n fẹnu kò pé kí ó máa jẹ́ Celsius.

Tẹmómítà mi ka 101.3. Ṣé ibà ni?

Bí ó bá jẹ́ Fahrenheit, ẹ yọ 32, ó ku 69.3, ẹ fi 1.8 pín in, 38.5°C ni. 38°C, ìyẹn 100.4°F, ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò gẹ́gẹ́ bí ibi tí ibà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà èyí ti kọjá rẹ̀. Ẹ wo ojú tẹmómítà náà dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣírò; lẹ́tà C tàbí F kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo bátìrì sì ní bọ́tìnnì tí ẹ lè fi yí i padà.

Nípa 98.6°F tí gbogbo èèyàn mọ̀: dókítà ará Jámánì kan, Carl Wunderlich, ló sọ 37°C di ìlúmọ̀ọ́ká lọ́dún 1868. 37 yẹn, nọ́ńbà tí a ti sọ di odidi ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di Fahrenheit, ó di 98.6, .6 tó wà níwájú rẹ̀ sì ń jẹ́ kó dà bí ohun tí wọ́n wọ̀n pẹ̀lú ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ìgbóná ara tó dá máa ń lọ sókè sódò láàárín ọjọ́, ó sì máa ń yàtọ̀ láti abíyá sí ẹnu. Ìyípadà òṣùwọ̀n kò lè fi ìpéye tí kò sí níbẹ̀ kún nọ́ńbà. Bí ìwé kan bá sọ “nǹkan bíi 20°C”, “nǹkan bíi 70°F” ni ìtumọ̀ tó yẹ ẹ́, kì í ṣe 68.0.

Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é fún mi. Kí ni mo máa kọ?

Nínú Excel, bí Fahrenheit yín bá wà nínú A1, ẹ kọ =(A1-32)*5/9, tàbí =CONVERT(A1,"F","C"). Ẹ má gbàgbé àkámọ́ inú ti àkọ́kọ́. Láìsí i, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ṣe 32 lọ́nà 5/9, á wá yọ 17.8 nínú nọ́ńbà yín. 212 á sì fún yín ní 194.2 dípò 100.

Fún ẹni tó ń kọ ètò nínú èdè C, ẹ ṣọ́ra fún 5/9. Odidi nọ́ńbà méjì ni wọ́n, nítorí náà odidi ni C máa fi dáhùn: 0. Tí ẹ bá wá fi òdo yẹn sọ nǹkan di púpọ̀, gbogbo ìgbóná tẹ́ ẹ bá fún un á di 0°C. Ẹ kọ 5.0/9, ó tán.

Ṣé òṣùwọ̀n mìíràn tún wà?

Rankine wà, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá bíi kelvin, àmọ́ tó ń lo ìgbésẹ̀ Fahrenheit. Ẹ fi 459.67 kún Fahrenheit. Àwọn ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà ṣì ń bá a pàdé. Réaumur náà wà láti 1730, níbi tí omi ti ń hó ní 80, ṣùgbọ́n inú ìwé àtijọ́ lẹ ti máa rí i.

Kí ni ìtumọ̀ 2700 K tàbí 6500 K tí wọ́n máa ń kọ sára gílóòbù iná?

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe bí gílóòbù náà ṣe gbóná tó. Ohun líle tí a bá gbóná títí á kọ́kọ́ pọ́n, á wá máa funfun bí ìgbóná bá ṣe ń pọ̀ sí i. 2700 K, nǹkan bíi 2,430°C, ń mú ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú jáde. Ojú oòrùn fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5,770 K, ìyẹn 5,500°C. Torí náà, gílóòbù LED tí wọ́n kọ 6500 K sí á tàn funfun, á tilẹ̀ fẹ́ jọ àwọ̀ ojú sánmà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara gílóòbù ọ̀hún kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ rárá.